Iwene Tansi: Àlùfáà Tó Fi Ìjọ Ńlá Sílẹ̀ Wọ Ilé Ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Nínú ọ̀wọ́ ìtàn àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run tó ti sùn nínú Olúwa, ọmọ ilẹ̀ wa Nàìjíríà ni ọ̀rọ̀ kàn lọ́tẹ̀ yìí. Orúkọ rẹ̀ ni Cyprian Michael Iwene Tansi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan tàbí òmíràn ní Abuja lè ti rí àwòrán rẹ̀: ọkùnrin dúdú kan tó wọ ẹ̀wù funfun, tí aṣọ dúdú gbọọrọ sì bò ó níwájú.

Àlùfáà ni ọkùnrin yìí, ìjọ rẹ̀ kún, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ tẹ̀lé e. Nígbà tó kù díẹ̀ kó pé ẹni ọdún 47, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sí ilé kan ní ilẹ̀ England tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ bí kò bá pọn dandan. Níbẹ̀, ó ń tún ilé oúnjẹ ṣe, ó ń bá wọn di ìwé tó ti ya, ó ń gbàdúrà. Ọdún 13 ló lò níbẹ̀, ó sì kú láì fojú rí iṣẹ́ tó torí rẹ̀ kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò béèrè pé ṣé kò fi ayé rẹ̀ ṣòfò báyìí? Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn rẹ̀ ná, kí kálukú wá dá ìbéèrè náà lóhùn.

ỌMỌ AGULERI

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Igboezunu, ní Aguleri, ìlú kan tí kò jìnnà sí Onitsha, ní ìpínlẹ̀ tí à ń pè ní Anambra lónìí. Àgbẹ̀ ni Tabansi bàbá rẹ̀ àti Ejikwevi ìyá rẹ̀, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ ni àwọn méjèèjì sì ń ṣe. Wọ́n sọ ọmọ náà ní Iwemmaduegbunam, èyí tí wọ́n gé kúrú sí Iwene. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Ígbò ni pé kí ìkà ènìyàn má ṣe pa mí. Ẹ fi orúkọ yìí sọ́kàn.

Ìyìn rere kì í ṣe àjèjì ní agbègbè yẹn mọ́ nígbà náà. Ọmọ Yorùbá tiwa, Samuel Àjàyí Crowther, ló kó ikọ̀ ìjọ Áńgílíkà dé Onitsha ní 1857. Ní 1885 ni àwọn fadá Kátólíìkì dé. Nígbà tí Iwene fi máa tó ọmọ ọdún mẹ́fà, àwọn onígbàgbọ́ ti ní abúlé tiwọn ní Aguleri, Nduka ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni wọ́n mú ọmọ náà lọ ní 1909. Ní 1912, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Michael.

Ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tó ń ṣe. Ní àṣà ìlú wọn, wọ́n máa ń ya òrìṣà kan sọ́tọ̀ fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i. Nígbà tí Michael ṣe ìrìbọmi, ó fọ́ òrìṣà tirẹ̀ túútúú. Ẹni tó bá ti gbé nílé tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà yóò mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé lójú àwọn àgbà ilé.

Eré ọmọdé kan wà o, ó sì dùn ún títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Níbi tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ju ẹrẹ̀ mọ́ra wọn, ojú rẹ̀ kan bàjẹ́, kò sì ríran mọ́. Ojú kan ṣoṣo ló fi kàwé, òun náà ló fi ṣiṣẹ́ títí ó fi kú.

ÌLÚ TÓ PA ÌYÁ RẸ̀ LÓ PADÀ SÍ

Ní 1913, Michael kúrò ní Aguleri lọ sí Onitsha, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity níbẹ̀. Ó mú ìwé rẹ̀ ní ọ̀kúnkúndùn. Nígbà tó fi di 1919, òun náà ti di olùkọ́.

Iṣẹ́ olùkọ́ yìí ló ń ṣe nígbà tí àjálù dé bá a. Ní 1922, wọ́n fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyá rẹ̀ nílé, wọ́n ní òun ló wà nídìí ikú àwọn kan tó kú ní ìlú. Wọ́n fún obìnrin náà ní májèlé mu, ó sì gba ibẹ̀ kú. Obìnrin tó bí ọmọ, tí wọ́n sọ ọmọ náà ní kí ìkà ènìyàn má pa mí, òun gan-an ni ìkà ènìyàn wá pa.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ogún ọdún ni. Ó mọ ìlú, ó mọ ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ká ní ó sọ pé òun kò tún ní í fi ẹsẹ̀ tẹ Aguleri mọ́, ta ni yóò dá a lẹ́bi? Àmọ́ ní 1924, ó gbà láti padà sí Aguleri gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ St Joseph. Àwọn ọmọ ìlú yẹn náà ló jókòó sí iwájú rẹ̀ tó ń kọ́ ní ìwé. Ọ̀pọ̀ wa lè wàásù nípa ìdáríjì fún wákàtí méjì. Òun mú ṣọ́ọ̀kì àti pátákó, ó lọ dúró níwájú àwọn ọmọ náà.

Kò pẹ́ níbẹ̀ tí ó fi mọ̀ pé Ọlọ́run ń pe òun sí iṣẹ́ àlùfáà. Àwọn ẹbí rẹ̀ kò fẹ́ ẹ rárá, ó yé wa náà. Bàbá ti kú, ìyá ti kú, ọmọ tó kàwé tó sì ń gba owó oṣù ni wọ́n gbójú lé. Ó wá ní òun fẹ́ di fadá tí kò ní í fẹ́ ìyàwó, tí kò sì ní í bímọ! Bó ti wù kó rí, ní 1925, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, St Paul's, ní Igbariam. Ọdún 12 gbáko ni ìgbaradì náà gbà, ó parí ẹ̀kọ́ nípa Ọlọ́run ní Eke nítòsí Enugu. Ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 1937, Bíṣọ́ọ̀bù Charles Heerey, ará Ireland, gbé ọwọ́ lé e lórí nínú kàtídírà Onitsha. Ó di Fadá Tansi.

IṢẸ́ NÍ DUNUKOFIA

Ó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Nnewi. Ní 1939, wọ́n fi ìjọ Dunukofia lé e lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni òkìkí rẹ̀ ti kàn. Agbègbè náà gbòòrò, abúlé pọ̀, ọ̀nà kò dára. Fadá Tansi fi ẹsẹ̀ rìn ín, tọ̀sán tòru. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn ní katikísímù, ó ń dá ibùdó àdúrà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ibùdó wọ̀nyẹn ló di ìjọ tó dá dúró lẹ́yìnwá. Bí àwọn ènìyàn bá wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ó lè jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwẹ̀ àti àdúrà kò sì wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀.

Nǹkan méjì ni a fẹ́ sọ níbí nínú iṣẹ́ rẹ̀. Èkíní ni ti igbó burúkú. Nílẹ̀ Ígbò láyé àtijọ́, igbó kan wà tí wọ́n máa ń ju òkú àwọn tó kú ikú burúkú sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé ìbejì jù sí, ìbejì tí àwa Yorùbá ń jó fún! Ẹ̀rù igbó yìí mú àwọn ará ìlú lẹ́rú: ẹni tó bá kọjá níbẹ̀, àìsàn tó bá dé, ọmọ tó bá kú, igbó náà ni. Fadá Tansi gbógun ti ìbẹ̀rù yìí títí agbára rẹ̀ fi ṣẹ́. Ẹni tí ìbẹ̀rù irú rẹ̀ ti pa ìyá rẹ̀ ni, ó mọ ohun tí irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ lè mú ènìyàn ṣe sí aládùúgbò rẹ̀.

Èkejì ni ti àwọn ọmọbìnrin. Àṣà wà pé kí ọmọbìnrin ti máa gbé ní ilé ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kí ìgbéyàwó tó wáyé. Fadá Tansi kò fi ẹnu lásán bá wọn wí. Ó dá ibùdó sílẹ̀ tí àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó yóò ti máa gbé, kí wọ́n sì máa gba ẹ̀kọ́ nípa ìgbàgbọ́ àti ìtọ́jú ilé kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Kì í ní kí ènìyàn fi ọ̀nà kan sílẹ̀ láì la òmíràn fún un.

Ọmọ kékeré kan wà láàárín àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà, àwọn òbí rẹ̀ ṣì ń bọ òrìṣà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1941, ọjọ́ tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́sàn-án, Fadá Tansi ṣe ìrìbọmi fún un. Francis Arinze ni orúkọ rẹ̀. A ó tún gbúròó rẹ̀ níwájú.

Ní 1945, wọ́n gbé Fadá Tansi lọ sí Akpu, ó sì ṣe níbẹ̀ bó ti ṣe ní Dunukofia. Lẹ́yìn èyí, wọ́n tún rán an lọ sí Aguleri ìlú rẹ̀. Láti inú àwọn ìjọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti jáde lọ di àlùfáà àti arábìnrin ìjọ. Bó bá jẹ́ ayé òde òní ni, àwa náà ì bá ti máa pè é wá wàásù ní ìpàdé ńlá wa.

Nígbà tó dà bíi pé iṣẹ́ rẹ̀ ń gbèrú jù lọ ni ìpè mìíràn dé. Bíṣọ́ọ̀bù Heerey sọ fún àwọn àlùfáà rẹ̀ pé ó wu òun kí ọ̀kan nínú wọn lọ kọ́ ìgbé ayé àwọn mọ́ńkì, kó lè padà wá dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Onitsha. Àwọn mọ́ńkì ni àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ láti máa gbé pọ̀ títí ikú nínú àdúrà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti iṣẹ́ ọwọ́, láì ní ìyàwó, láì ní ohun ìní tara wọn. Fadá Tansi ní òun yóò lọ. Wọ́n kọ̀wé sí ilé àwọn mọ́ńkì Cistercian ní Mount Saint Bernard, ní Leicestershire, ilẹ̀ England, àwọn yẹn sì dáhùn pé kó máa bọ̀.

ILÉ TÓ WÓ, ILÉ TÓ DÌDE

Kí a tó bá a wọ ilé yìí, ó yẹ ká mọ ibi tí ilé náà ti wá, nítorí ìtàn ilé náà jọ ìtàn ọkùnrin tó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Ní 1098, àwọn mọ́ńkì kan ní ilẹ̀ Faransé rí i pé ìrọ̀rùn ti ń pọ̀ jù nínú ilé tí àwọn wà. Wọ́n dìde, wọ́n lọ tẹ̀ dó sí inú igbó kan tí wọ́n ń pè ní Cîteaux, níbi tí wọ́n ti lè fi ọwọ́ ara wọn roko, kí wọ́n sì máa gbàdúrà. Láti orúkọ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pe ẹgbẹ́ wọn ní Cistercian. Bernard ti Clairvaux, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ Mount Saint Bernard, dara pọ̀ mọ́ wọn kò pẹ́ sí ìgbà náà, ẹgbẹ́ náà sì tàn ká gbogbo Yúróòpù.

Ní 1133, wọ́n dá ilé kan sílẹ̀ ní Garendon, ní Leicestershire. Irínwó ọdún ni àdúrà fi ń gòkè níbẹ̀. Nígbà tó di 1536, Ọba Henry Kẹjọ tó ti bá Póòpù jà bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilé mọ́ńkì pa káàkiri England, ó sì ń gba ilẹ̀ àti ọrọ̀ wọn. Garendon wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Wọ́n lé àwọn mọ́ńkì jáde, ilẹ̀ náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọlọ́lá, ilé ńlá tí àwọn ọlọ́lá ń gbé sì dìde níbi tí ilé àdúrà wà tẹ́lẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́rin, kò sí ilé mọ́ńkì kankan tó ṣẹ́kù ní gbogbo England. Ẹni tó bá wà láyé nígbà yẹn yóò sọ pé ó tán.

Kò tán. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ìdílé Phillipps ló ni ilẹ̀ Garendon. Ambrose, ọmọkùnrin ilé náà, di Kátólíìkì nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́. Nígbà tó dàgbà, ó ra ilẹ̀ olókùúta kan lórí òkè Charnwood, tí kò jìnnà sí Garendon, ó sì fi ta àwọn mọ́ńkì Cistercian lọ́rẹ ní 1835. Ilé kékeré ni wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ṣa òkúta, wọ́n ro ilẹ̀, ní 1844 wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì tí Pugin, ayàwòrán ilé tó lókìkí, yà fún wọn. Àwọn mọ́ńkì wà níbẹ̀ di òní. Ohun tí ọba gbà ní Garendon, ọmọ ilé Garendon ló dá padà.

Ilé yìí ni ọmọ Aguleri wọ̀ ní 1950, lẹ́yìn tó bá bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò mímọ́ ní Róòmù.

ỌDÚN MẸ́TÀLÁ TÍ ẸNÌKAN KÒ RÍ

Ẹ fi ojú inú wo ìyípadà náà. Àná, òun ni fadá ìjọ, àwọn ènìyàn ń kúnlẹ̀ kí i. Lónìí, òun ni àbíkẹ́yìn nínú ilé, ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí òun fi ọdún jù. Ní ilé àwọn mọ́ńkì láyé ìgbà náà, nǹkan bí aago méjì òru ni wọ́n ń jí fún àdúrà. Wọn kì í jẹ ẹran. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe àmì sí ara wọn dípò ọ̀rọ̀ ẹnu. Òtútù ilẹ̀ England kò mọ ẹni mímọ́ yàtọ̀ sí ẹlẹ́ṣẹ̀, ó mú ọkùnrin tó ti lo ọdún 46 nínú oòrùn ilẹ̀ wa yìí gidigidi.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún un kò ní ariwo nínú: ilé oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti ń di ìwé. Ó ju ọdún méjì lọ tí wọ́n fi ń wò ó kí wọ́n tó gbà á sí ipò akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ńkì ní oṣù kejìlá ọdún 1952. Orúkọ tuntun tí ó gbà ni Cyprian, orúkọ bíṣọ́ọ̀bù Carthage ní Àríwá Áfíríkà tí wọ́n bẹ́ lórí ní ọdún 258 nítorí Kristi. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá ọdún 1956, ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìkẹyìn tó so ó mọ́ ìgbé ayé náà títí ikú.

Ní gbogbo ọdún yẹn, kò dá ìjọ kan sílẹ̀. Kò kọ́ ilé kan. Kò sí iye ọkàn tí a lè kà pé ó jèrè. Ohun tó gbé e ró ni pé àtẹ̀yìnwá rẹ̀ ní ìdí: ó ń kọ́ iṣẹ́, kó lè padà lọ kọ́ ilé àdúrà fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

NÍGBÀ TÍ ILẸ̀KÙN ONITSHA TÌ

Ní 1962, ọ̀rọ̀ náà fẹ́ ṣẹ. Mount Saint Bernard pinnu láti dá ilé mọ́ńkì kan sílẹ̀ ní Áfíríkà, wọ́n sì yan Fadá Cyprian láti jẹ́ ẹni tí yóò máa tọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ìpinnu tó dé lẹ́yìn náà fọ́ ọ lọ́kàn. Nítorí ọ̀rọ̀ ìṣèlú, Nàìjíríà kọ́ ni wọ́n yàn. Bamenda ní Kamẹrúùnù ni.

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ kò fi bò: ọkùnrin tó ti gbọ́ràn láti ìgbà èwe yìí, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó ṣàtakò. Èyí ni ibi tí ìtàn rẹ̀ ti sún mọ́ wa jù lọ. Nítorí Onitsha ló ṣe fi Onitsha sílẹ̀. Nítorí àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ṣe jìnnà sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Ó ti sin ọdún 12 sínú òtútù, ìlérí náà wá ya ọ̀nà ẹlòmíràn lọ. Ẹni tí kò bá bínú sí irú èyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò fi ọkàn sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Àmọ́ kò dúró sínú ìbínú. Ó gbé e lọ sí ibi tó ń gbé gbogbo nǹkan lọ, ó sì tẹrí ba. Ó gbà pé bí Olúwa oko bá ní kí wọ́n gbin irúgbìn sí ẹ̀gbẹ́ kejì odò, oko Rẹ̀ náà ṣì ni. Ní 1963, àwọn mọ́ńkì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Bamenda.

Òun kò débẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1964, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún gan-an. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bá a níbi tó ti dákú. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn Royal Infirmary ní Leicester, àwọn dókítà sì rí i pé òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn wá ti wú. Ó kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ 20 oṣù kìn-ín-ní. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni. Bí Mósè ṣe rí ilẹ̀ Kénáánì lókèèrè tí kò wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí fún un.

Wọ́n sin ín sí itẹ́ àwọn mọ́ńkì ní Mount Saint Bernard. Lára àwọn àlùfáà Nàìjíríà tó wá láti London síbi ìsìnkú náà ni ọmọ tó ṣe ìrìbọmi fún ní 1941, Francis Arinze, tó ti di àlùfáà nígbà náà. Ọdún 1964 yìí kan náà ni wọ́n wó ilé ńlá àwọn ọlọ́lá tó wà ní Garendon, wọ́n sì kó àwókù rẹ̀ lọ fi ṣe ìpìlẹ̀ títì márosẹ̀ M1. Ilé tí wọ́n rò pé ó borí ilé àdúrà, ọkọ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ báyìí.

Ó PADÀ WÁLÉ

Arinze di bíṣọ́ọ̀bù àgbà Onitsha ní 1967. Òun ló gbé ọ̀rọ̀ olùkọ́ rẹ̀ dìde, kí Ìjọ Kátólíìkì lè yẹ ìgbé ayé rẹ̀ wò. Ní 1986, wọ́n hú egungun Fadá Cyprian, wọ́n gbé e padà sí Onitsha, wọ́n sì sin ín nítòsí kàtídírà tí wọ́n ti fi í jẹ àlùfáà. Àwọn Kátólíìkì jẹ́rìí pé ọmọbìnrin kan tó ń ṣàìsàn gidigidi fọwọ́ kan pósí náà lọ́jọ́ yẹn, ara rẹ̀ sì dá.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1998, Póòpù John Paul Kejì wá sí Oba, nítòsí Onitsha, ó sì kéde rẹ̀ ní Alábùkún, ipele tó ṣáájú kí wọ́n pe ènìyàn ní ẹni mímọ́. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Lọ́jọ́ kejì ni Póòpù wá ṣe ìsìn ní Kubwa, ní Abuja wa níbí. Ilẹ̀ náà ni wọ́n ń pè ní Papal Ground di òní.

Ilé mọ́ńkì tó fẹ́ kọ́ ńkọ́? Àwọn ará Cistercian wà ní Awhum, nítòsí Enugu, lónìí. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, nílẹ̀ Ígbò gan-an. Bí Garendon ṣe wó tí Mount Saint Bernard sì dìde, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó tì ní 1962 ṣe wá ṣí lẹ́yìn tí ọkùnrin náà ti wà nínú ilẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ka ìwé yìí kì í ṣe Kátólíìkì. A kì í gbàdúrà sí àwọn tó ti kú, a sì lè má gbà pé kí onígbàgbọ́ lọ ti ara rẹ̀ mọ́lé. Ìyẹn kò ní kí a má kọ́gbọ́n lára ọkùnrin yìí.

Èkíní: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni Aguleri, lọ́dọ̀ àwọn tó pa ìyá rẹ̀. Kí ó tó dé ilé ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó ti kọ́kọ́ dárí jì. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹni tí kò tíì dárí jì, kùnsínú lásán ni.

Èkejì: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwa tí à ń gbé ní Karu mọ ohun tí ariwo jẹ́. Láti ìdájí ni ọkọ̀ ti ń fun fèrè lọ́nà Nyanya, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn ilé, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ń bá ara wọn jà ní àdúgbò kan. Bí a bá sì bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn, fóònù wà lọ́wọ́ wa. Kò di dandan kí a lọ sí Leicestershire. Ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀, láì sí fóònù, láì sí orin, níwájú Ọlọ́run, lè ṣòro fún wa ju òru àìsùn lọ. Ẹ dán an wò.

Ẹ̀kẹta, èyí tó wúwo jù: iṣẹ́ tí ẹnìkan kò rí kì í ṣe iṣẹ́ tó sọnù. Nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn kan wà tí wọ́n gbàdúrà, tí wọ́n sì retí ipò kan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn aṣíwájú tuntun, tiwọn kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ń gbá gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n ń to àga, kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn. Àwọn kan ti gbin iṣẹ́ ìhìnrere kan láti ìpele àkọ́kọ́ ní yunifásítì, wọ́n ń parí ẹ̀kọ́ lọ, ẹlòmíràn ni yóò kórè rẹ̀. Bí ó bá dùn yín, ẹ sọ fún Ọlọ́run pé ó dùn yín. Fadá Tansi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde, kí ẹ to àga tó kàn. Hóró ọkà tó bọ́ sínú ilẹ̀ kì í rí ṣírí tó máa so, síbẹ̀ láti ara rẹ̀ ni ṣírí náà ti ń wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀṢÀRÒ

1. Ta ni ẹni tí ó ṣòro jù fún ọ láti padà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí o sì sìn ín?
2. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ní í mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é, iṣẹ́ wo nínú ẹgbẹ́ yìí ni ìwọ yóò ṣì máa ṣe?
3. Ilẹ̀kùn wo ló tì mọ́ ọ lójú, tí o kò tíì gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ síwájú Ọlọ́run?

ÀDÚRÀ

Bàbá wa ọ̀run, Ìwọ tí ò ń ríran ní ìkọ̀kọ̀, kọ́ wa láti sìn Ọ́ níbi tí ojú ènìyàn kò dé. Wo ọgbẹ́ àwọn tí ìkà ènìyàn ti pa lára sàn. Fún àwọn tí ìrètí wọn pẹ́ ní oore-ọ̀fẹ́ láti tẹrí ba láì sọ ìgbàgbọ́ nù. Má ṣe jẹ́ kí ariwo ayé gba ohùn Rẹ lọ́wọ́ wa. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.